Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nínú Ilé: “Although”

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní abala yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni a ó gbé yẹ̀wò, kí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ lè jọ jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn tí ń ba àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́rù ni a mú wá. Ọ̀rọ̀ gígùn kì í sábà tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò lọ wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a rò pé a ti mọ̀ tán ni ó yẹ kí a máa ṣọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni “although”, tí gbogbo wa ti kọ́ láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń túmọ̀ sí “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé”.

Ohun tí ó mú wa yan ọ̀rọ̀ yìí ni lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá káfíńtà kan, ẹni tí òun àti ìdílé rẹ̀ ti ń ka ìwé ìròyìn yìí láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, ó sì ń fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe àga, tábìlì àti ibùsùn. Àwọn tí ó ni ibẹ̀ ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí wá láti ọwọ́ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, kí a sì kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá náà jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó kọ ìwé náà, ó sì fi í han ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ìwé girama. Ọmọ náà kà á dé ìdajì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ o, Bàbá, ‘but’ yìí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀.” Gbólóhùn tí ó ń tọ́ka sí nìyí:

“Although he is honest but he is slow.”

Inú bàbá kò dùn sí i. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni òun ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó dá òun lẹ́kun rí. Ó wá ń béèrè lọ́wọ́ wa pé, ta ni ó tọ̀nà, òun ni tàbí ọmọ? Ó fi kún un pé ìwé ẹ̀rí náà ṣì wà ní ọwọ́ òun, àti pé òun kò ní fi í ránṣẹ́ títí òun yóò fi rí èsì wa.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa yìí tí ó fi ọkàn tán wa. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ kò ṣòro: ọmọ ni ó tọ̀nà. Kí bàbá má ṣe bínú sí i. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ pé, nígbà tí ó bá ti pa “but” rẹ́, kí ó má tí ì fi ìwé náà sínú àpò. Nǹkan mìíràn wà nínú gbólóhùn yẹn tí ó tóbi ju “but” lọ, tí ó sì kan oúnjẹ òòjọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ parí ti “but”.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá fẹ́ so ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n takora pọ̀ sínú gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ asopọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò. A lè fi “although” síwájú ti àkọ́kọ́, kí a wí pé, “Although he is honest, he is slow.” A sì lè fi “but” sí àárín, kí a wí pé, “He is honest, but he is slow.” Ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá lo méjèèjì pọ̀ dà bí káfíńtà tí ó kan ìṣó méjì mọ́ ojú kan náà, níbi tí ìṣó kan ti mú pákó dúró ṣinṣin. Ìṣó kejì kò fi agbára kún un. Ó tilẹ̀ lè la pákó náà.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí àṣìṣe yìí fi wọ́pọ̀ láàrin wa tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe nítorí pé orí wa kú. Èdè wa ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn wá.” Ní èdè wa, “bí ó tilẹ̀” a máa ké sí ẹnì kejì rẹ̀. Bí “síbẹ̀” kò bá jẹ́ ẹ, etí wa a máa dúró dè é, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá kí ènìyàn tí kò sì dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ Yorùbá bá kọ “although”, tí ó sì rìn dé àárín gbólóhùn, ọkàn rẹ̀ a máa wá “síbẹ̀” kiri, “but” ni yóò sì kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwa nìkan kọ́ ni ó ń ṣe é. Àwọn ará Ṣáínà pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ méjì tí ń rìn pọ̀ báyìí nínú èdè wọn, “suīrán” ní iwájú àti “dànshì” ní àárín, àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì sì ń pa “but” kan náà yìí rẹ́ nínú ìwé wọn. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe yìí ń fi èdè ìyá rẹ̀ ronú ni, kò sì sí ìtìjú nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ ilé onílé, bí onílé ti ń ṣe ni ó yẹ kí a ṣe.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún un níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà mú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì wá kò wá lójú. Nínú ìtumọ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1611, tí a ń pè ní ti Ọba James, ọ̀pọ̀ gbólóhùn ni ó ní “though” ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ní “yet” ní àárín. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé Jóòbù, orí 13, ẹsẹ 15, yóò rí méjèèjì nínú gbólóhùn kan. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. “Yet” tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ asopọ̀. Ìṣe rẹ̀ dà bí ti “síbẹ̀” tiwa, ńṣe ni ó ń fi agbára kún ohun tí a fẹ́ sọ. Títí di òní, a lè kọ “Although he is slow, yet he is honest”, kí olùkọ́ má sì fa ilà sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dún bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ létí àwọn ènìyàn ìsinsìnyí. “Still” àti “nevertheless” lè ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. “But” ni a kò gbọdọ̀ fi síbẹ̀. Nítorí náà, bàbá tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ láìsí “síbẹ̀”, kí ó mú “yet”.

Ó lè ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ bí wọ́n bá mọ ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ṣẹ̀ wá. “Although” jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí a lẹ̀ pọ̀, “all” àti “though”, láti nǹkan bí àwọn ọdún 1300 ni a sì ti ń rí i nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. “All” tí ó wà níwájú rẹ̀ kò túmọ̀ sí “gbogbo” níhìn-ín. Ńṣe ni ó ń fi ìtẹnumọ́ sí ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí “tilẹ̀” ti ń ṣe nínú “bí ó tilẹ̀”. Nínú bí a ti ń kọ ọ́ lónìí, “l” kan ti bọ́ nù, nítorí náà kí àwọn ọmọ má ṣe kọ “l” méjì. “But” ní tirẹ̀ ti pẹ́ ju èyí lọ. “Butan” ni wọ́n ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “ní òde” tàbí “láìsí”. Ìtumọ̀ àtijọ́ náà kò tí ì kú tán: bí a bá wí pé “all but one”, ohun tí a ń sọ ni pé gbogbo wọn àfi ẹyọ kan. Ẹ rí i pé “but” a máa mú ohun kan dúró sí ìta. “Although” kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń gbà fún ohun kan, tí ó sì ń kọjá lọ sí òmíràn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìtumọ̀ “although” gan-an, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ pé ó jẹ́ “bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé” kò tí ì mọ̀ ọ́n tán. “Although” ń sọ fún ẹni tí ń kàwé pé, bí ó bá gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀ náà, kò ní retí apá kejì. Bí òjò bá rọ̀, a kì í retí kí ènìyàn pọ̀ ní ìpàdé. Nítorí náà “Although it rained, the people came” bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kọ “Although he is tall, he is a carpenter”, a ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé gíga kò dí iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé à ń fi ohun méjì wé ara wọn lásán, láìsí pé ọ̀kan yani lẹ́nu, “whereas” ni ó tọ́: “The elder brother is a tailor, whereas the younger is a carpenter.”

Ibi tí ewu wà ni èyí. Bí “although” ti ń sọ ohun tí a kò retí, bẹ́ẹ̀ ni ó ń tú àṣírí ohun tí akọ̀wé ń retí nínú ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ nípa akápò ẹgbẹ́ kan pé “Although she is a woman, she keeps the accounts well” rò pé òun ń yin arábìnrin náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ni pé a kì í retí kí obìnrin mọ owó í tọ́jú, àwọn ìyá wa tí wọ́n ti ń ṣòwò láti ìgbà èwe wọn mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tí ó bá sì kọ pé “Although he comes from that town, he is honest” ti yin ẹnì kan, ó sì ti bú odindi ìlú. Bí a bá yọ “although” kúrò nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí a sì kọ “She keeps the accounts well”, ìyìn náà yóò pé, kò sì ní ta ẹnikẹ́ni lára. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ yìí nípa ènìyàn, ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ni mo ń retí tẹ́lẹ̀, èé sì ti ṣe tí mo fi ń retí rẹ̀?

A wá dé orí ìwé ẹ̀rí ọmọ iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a gbé gbólóhùn méjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, láìsí “but” nínú èyíkéyìí:

“Although he is honest, he is slow.”

“Although he is slow, he is honest.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èkíní tí kò sí nínú èkejì. Òtítọ́ kan náà ni méjèèjì ń sọ nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ara wa sí ipò ẹni tí yóò ka ìwé náà ní Èkó, ẹni tí kò rí ọmọ náà rí, tí ìwé àwọn mìíràn sì wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá ka ti èkíní tán, “slow” ni yóò kù sí i létí. Yóò wí nínú ara rẹ̀ pé, “Èyí ń fi nǹkan falẹ̀,” yóò sì na ọwọ́ sí ìwé tí ó kàn. Bí ó bá ka ti èkejì tán, “honest” ni yóò kù. Yóò ronú pé ọmọ yìí lè máà yá, ṣùgbọ́n a lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé pákó lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ wà nínú ọ̀kan, iṣẹ́ lè má sí nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méje kan náà ni a tò lọ́nà méjì.

Ìdí rẹ̀ ni pé apá tí “although” bá wà níwájú rẹ̀ ni apá tí a gbà fún. Apá tí kò ní i ni apá tí a dúró lé. Àwọn tí ń kọ́ni ní gírámà pe ti àkọ́kọ́ ní gbólóhùn tí ó gbára lé òmíràn, wọ́n sì pe èkejì ní olórí gbólóhùn. Olórí ni a ń tẹ̀lé. Bí ó bá tún jẹ́ pé olórí ni ó gbẹ̀yìn, òun gan-an ni yóò wà lọ́kàn ẹni tí ó kà á.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn òbí bá rán ènìyàn lọ wádìí ilé tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ìyàwó sí, tí ẹni tí wọ́n bi léèrè bá wí pé, “Ènìyàn rere ni wọ́n o, ṣùgbọ́n...” tí ó sì dákẹ́, àwọn aṣèwádìí kì í dúró gbọ́ ìyókù. “Ènìyàn rere” ti fò lọ, “ṣùgbọ́n” ni wọ́n gbé délé. Àwọn àgbà wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀nà tí a gbà to ọ̀rọ̀ pẹ̀lú lè yọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ǹjẹ́ èyí kì í ṣe ẹ̀tàn? A dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bí a bá ṣe é pẹ̀lú òtítọ́. Ìwé ẹ̀rí ni ẹ̀rí. Ọ̀gá tí ó bá fi àléébù ọmọ iṣẹ́ pamọ́ pátápátá ti tan ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, a kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ó mọ̀, kí ó sì fi ohun tí ó wúwo jù sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá jẹ́ pé ìlọ́ra ọmọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè parí iṣẹ́ tí a bá fún un, òtítọ́ ni pé kí “slow” jẹ́ olórí gbólóhùn, bí ó tilẹ̀ dun wá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àléébù kékeré ni lára ìwà rere púpọ̀, kí “although” gbé àléébù náà, kí ìwà rere dúró lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Èwo ni ti ọmọ yìí? Ọ̀gá náà ti dá wa lóhùn láìmọ̀. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí wa ní èdè Yorùbá, ó sọ pé láàrin ọdún mẹ́rin tí ọmọ náà lò lọ́dọ̀ òun, kò sí àga kan tí ó ṣe tí wọ́n gbé padà wá pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ó tún sọ pé owó kan tí oníbàárà gbàgbé sínú àpótí tábìlì tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe, ọmọ yìí ni ó rí i, òun náà ni ó sì mú un wá fún ọ̀gá kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Gbogbo èyí ni bàbá kọ sí wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú ìwé tí ó kọ sí Èkó. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré ni ó fi sọ ìwà ọmọ ọdún mẹ́rin, “slow” ni ó sì fi parí rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù nípa “slow” fúnra rẹ̀. Bí a bá lò ó fún iṣẹ́ ọwọ́, ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò yá. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó fún ènìyàn, tí a kò sì sọ ohun tí ó ń lọ́ra nínú rẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ ọ sí pé orí ẹni náà kò tètè gba ẹ̀kọ́. A kò rò pé ohun tí ọ̀gá ní lọ́kàn nìyẹn. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ó kọ ọ́ báyìí:

“Although he does not work fast, no chair of his has ever been brought back for repair, and he is an honest young man.”

A kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Èkó yóò mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ náà kò yá. Yóò sì mọ ìdí rẹ̀ tí a lè fi dúró dè é. Kí ọ̀gá sì kọ ti owó inú àpótí tábìlì náà ní gbólóhùn tirẹ̀, nítorí pé “honest” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń kọ sínú ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní ìtàn tí yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀. Kí ó fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìwé náà kà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó fi í ránṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí pin sí orí lẹ́tà. Nígbà tí ọmọ bá mú ìwé èsì ìdánwò wálé, ẹ lè wí fún un pé, “O yege, ṣùgbọ́n ipò karùn-ún ni o ṣe.” Ẹ sì lè wí pé, “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò karùn-ún ni o ṣe, o yege, o sì gbìyànjú.” Ọmọ náà yóò mọ̀ lọ́nà méjèèjì pé àyè ṣì wà fún ìtẹ̀síwájú. Ohun tí yóò gbé sùn ni kò ní jẹ́ ọ̀kan náà.

Kí a tó pín yà, àwọn òfin kéékèèké mẹ́rin rèé tí àwọn ọmọ lè kọ sínú ìwé wọn.

Èkíní: bí “although” bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, kọ́mà ni a fi ń ya apá méjèèjì: “Although it rained, the people came.” Bí ó bá wà ní àárín, a lè ṣe é láìsí kọ́mà: “The people came although it rained.” A kò gbọdọ̀ fi apá tí ó ní “although” sílẹ̀ ní òun nìkan bí odindi gbólóhùn, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò ṣì máa retí ìyókù.

Èkejì: “though” àti “although” jẹ́ ọ̀kan náà ní ìtumọ̀, “though” ni ó sì rọrùn jù ní ẹnu. Ṣùgbọ́n H. W. Fowler, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1926, tọ́ka sí ibi méjì tí “although” kò lè dé. “Though” lè parí gbólóhùn: “He came late. He worked well, though.” A sì lè wí pé “as though”, èyí tí ó túmọ̀ sí “bí ẹni pé”. Kò sí “as although”. A fi kún un pé “even though” tọ́, ṣùgbọ́n kí ọmọ má ṣe kọ “even although”.

Ẹ̀kẹta: “despite” àti “in spite of” ń sọ irú ohun tí “although” ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó ń tẹ̀lé wọn. “Despite the rain” tọ́, “despite it rained” kò tọ́. Kò sì sí “despite of” rárá.

Ẹ̀kẹrin: “however” kì í ṣe ọ̀rọ̀ asopọ̀ bí “but”. A kì í fi kọ́mà nìkan so ó mọ́ gbólóhùn tí ó ṣáájú. Ẹ fi àmì ìdánudúró síbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: “He is slow. However, he is honest.”

Iṣẹ́ ilé fún ọ̀sẹ̀ yìí: kí àwọn ọmọ mú gbólóhùn méjì-méjì wọ̀nyí, kí wọ́n fi “although” so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà méjì, kí apá tí ó ní “although” ní ìgbà àkọ́kọ́ di èyí tí kò ní i ní ìgbà kejì.

1. The road was long. We arrived before noon.

2. The roof is old. It does not leak.

3. She is young. The older women trust her.

Kí wọ́n kà á sókè fún àwọn ará ilé, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí bàbá pé, “Èwo ni ó kù sí yín létí?” Ní ti ẹ̀kẹta, kí gbogbo ilé jọ jíròrò bóyá “although” tilẹ̀ yẹ níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wa bí ẹ kò bá fohùn ṣọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, “unless” ni a ó gbé yẹ̀wò. Ó dàárọ̀ o.